Ìwé wo ni kí n rà láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò òkè, odò àti igbó?

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Iléṣà, páspọ́ọ̀tù là ń yà jù, àti ọjọ́ ìbí, ìkómọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí náà kí n gbé èèyàn jókòó síwájú aṣọ funfun kí n tan iná sí i, ìyẹn ò le fún mi mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ni fọ́tò ìta, èyí tí wọ́n ń pè ní landscape, òkè, odò, oko kòkó, ojú sánmọ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Nǹkan tí èèyàn lè yà sì pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, Olúmirin nìkan ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje lomi yẹn ń gbà já wálẹ̀, mi ò tíì dárúkọ àwọn òkè tó wà lọ́nà Ìpetu àti ti Ifẹ̀.

Canon ni kámẹ́rà mi, tòkunbọ̀ ni, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá. Mò ń wo fídíò lórí YouTube, wọ́n dáa o, ṣùgbọ́n eléyìí á sọ tiẹ̀, tọ̀hún á sọ tiẹ̀, mi ò mọ èwo ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ èkejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá ìwé tó máa mú mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ọwọ́ mi ò ju ìwé kan lọ, bó bá pọ̀ jù ó di méjì, ìyẹn tó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Mo ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pọ̀ lọ jàra, òkè tí yìnyín bò ló sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Báwo lẹ ṣe ń dá èyí tó dáa mọ̀? Kí ni kí n yẹ̀ wò nínú ìwé kí n tó sanwó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Àbúrò, o káre, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Òde ìyàwó àti òkú àgbà ni mò ń yà jẹun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun àwọn òkè ẹ̀yìn OAU pẹ̀lú kámẹ́rà, mo sì ti ka ìwé tó tó ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé má fi ẹwà fọ́tò inú ẹ̀ ra ìwé. Ìwé tí wọ́n ṣe fún wíwò wà, èyí tí wọ́n ṣe fún kíkọ́ sì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí lórí igbá. Ṣí i sí fọ́tò tó bá ṣáà ti wù ẹ́, kó o wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ òkè àti orúkọ ìlú nìkan ni wọ́n kọ, ìwé wíwò nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ lẹ́ńsì tí wọ́n lò, aperture, ṣọ́tà, ISO, àsìkò tí wọ́n yà á láàárọ̀ ni àbí nírọ̀lẹ́, tí ẹni tó yà á wá ṣàlàyé ìdí tó fi dúró síbi tó dúró sí, ìwé tó lè kọ́ ẹ nìyẹn. Tó bá tún fi fọ́tò tí ò dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dáa, ibì kan náà, ọjọ́ kan náà, tó sọ ohun tó fà á tí ọ̀kan fi kú tí èkejì fi yè, àbúrò, rà á.

Lẹ́yìn náà wo àwọn àkòrí tó wà níwájú ìwé. Ìwé tó bá lo ìdajì ojú ewé ẹ̀ lórí kámẹ́rà tó yẹ kó o rà, dá a padà, kámẹ́rà yẹn ti lè kúrò lọ́jà kó o tó kà á tán. Wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Bó bá ṣe tètè dé ibẹ̀ tó ló máa ṣe ẹ́ láǹfààní tó.

Ní tèmi, ìwé tí màá ní kó o kọ́kọ́ rà ò tiẹ̀ ní orúkọ landscape lára. Understanding Exposure ni, Bryan Peterson ló kọ ọ́, ọdún 1990 ló kọ́kọ́ jáde, ó sì ti ń tún un ṣe látìgbà náà, ẹ̀dà kẹrin jáde ní 2016. Ìdí tí mo fi mú un fún ẹ ni pé nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ti to iná, ìmọ́lẹ̀ ò yí padà, ẹ lè má fọwọ́ kan kámẹ́rà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Níta ńkọ́? Ìkùukùu kan á kọjá, gbogbo ètò tó o ti ṣe á dàrú. Ìwé yẹn á jẹ́ kó o mọ bí aperture, ṣọ́tà àti ISO ṣe ń bára wọn ṣe, tó o bá fà kan, èwo ló yẹ kó o dá padà. Ọkùnrin náà tún pín aperture sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tó ń sọ ìtàn, ìyẹn tó o bá fẹ́ kí òkúta iwájú àti òkè ọ̀ọ́kán hàn kedere pọ̀, èyí tó ń yọ nǹkan kan sọ́tọ̀, àti èyí tó wà láàárín. Èyí tó ń sọ ìtàn yẹn lo máa lò jù. f/16 sí f/22 ló ń ní kéèyàn lò fún un (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga ni ihò lẹ́ńsì ń kéré sí i), ṣùgbọ́n lórí irú kámẹ́rà tìrẹ yẹn f/11 ni màá sọ fún ẹ, torí tí ihò lẹ́ńsì bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n, fọ́tò á wá ṣe bàìbàì díẹ̀.

Kọ́lá Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lágere, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó nílò ìwé rárá. YouTube ti tó. Kó fi owó ìwé yẹn ra tripod, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, kó máa jáde lójoojúmọ́, kó máa yà á kó máa pa á rẹ́. Lórí pápá lọwọ́ ti ń mọ́ nǹkan, ìwé ò lè gun òkè fún èèyàn. Èmi fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ṣí Pro mode, ibi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣètò kámẹ́rà, mò ń fọwọ́ yí ṣọ́tà àti ISO títí ó fi yé mi.

Bọ̀dá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Kọ́lá, òótọ́ lo sọ nípa tripod, kò sẹ́ni tó lè ya omi tó ń já ní ṣọ́tà ìṣẹ́jú àáyá kan láìgbé kámẹ́rà lé nǹkan, mo sì gbà pé ṣíṣe ló ń jẹ́ kó mọ́ni lára. Ṣùgbọ́n ka ohun tó kọ dáadáa. Kò sọ pé òun ò rí ibi kọ́ ọ, ó ní òun ò mọ èwo ló yẹ kó ṣáájú. Ìyẹn gan-an ni fídíò ò lè ṣe fún un. Ẹni tó ṣe fídíò ò mọ ohun tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù á sì tún gbé òmíràn wá tí ò bá tàkọ́kọ́ tan. Ẹni tó kọ ìwé ti jókòó ro ó pé tí orí kìíní ò bá tíì yé ẹ, orí kẹta ò lè yé ẹ. Kó ra ìwé. Tí owó bá tún wá lẹ́yìn náà, kó ra tripod, kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀ o, atẹ́gùn orí òkè á gbé e.

Ìyá Ayọ̀ Tíṣà (Iléṣà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, fọ́tò yíyà sì ni mo fi ń sinmi. Bọ̀dá ti sọ èyí tó dáa nípa ìwé, mo kàn fẹ́ kí àbúrò mi yìí mọ ohun kan tí ìwé yòówù tó bá rà lè má sọ fún un, pé ilẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ti kọ ọ́, òòrùn ibẹ̀ ò sì rìn bíi tiwa.

Ẹ gbọ́ mi o. Gbogbo ìwé yẹn ló máa sọ golden hour fún ẹ, ìgbà tí òòrùn bá lọ sílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ pọ́n bí epo. Wọ́n á ní kó o dé ibẹ̀, kó o rọra wá ibi tó o máa dúró sí, kó o gbìyànjú ibí, kó o gbìyànjú ọ̀hún. Lóòótọ́, ní Scotland láàárín oṣù kẹfà ìmọ́lẹ̀ yẹn lè dúró tó wákàtí kan, torí pé òòrùn wọn ń dẹ̀gbẹ́ wọlẹ̀ ni. Àwa ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nǹkan bíi digírì méje àbọ̀ péré la fi jìnnà sí i sókè, òòrùn tiwa ń já wọlẹ̀ tààrà ni, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ìdajì wákàtí lọ, ilẹ̀ ti ṣú. Tó o bá lọ tẹ̀lé ohun tí ìwé sọ pé kó o máa rọra ṣe é, wàá ṣì máa to tripod lọ́wọ́ ni òòrùn á ti lọ. Torí náà lọ wo ibẹ̀ lọ́sàn-án kó o mọ ibi tó o máa dúró sí, kí gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú sí aago méje lòòrùn wa ń wọ̀ jálẹ̀ ọdún, kì í yẹ̀ púpọ̀.

Èkejì, ìwé wọn á sọ pé òòrùn ọ̀sán máa ń wà lápá gúúsù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa o, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, orí àtàrí gan-an ló máa ń wà ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, tó bá sì wà láàárín oṣù méjèèjì yẹn, apá àríwá ló ń bọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ìwé máa sọ pé òjìji bò, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni òòrùn ń ràn sí lóṣù kẹfà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé kí wọ́n mọ ìlú tiwọn kí wọ́n tó fi ìwé wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìnyín náà tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń ya yìnyín, má fò ó! Ìdí ni pé mítà inú kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, rò pé gbogbo ohun tó rí gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Tó bá rí funfun tó pọ̀, á mú un ṣókùnkùn, ni wọ́n ṣe ń ní kéèyàn fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ọyẹ́ wa ńkọ́? Lóṣù kejìlá sí ìkínní, tí eruku Sàhárà bá bo gbogbo òkè Iléṣà, tí sánmọ̀ funfun bí àgbàdo gígún, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, fi ìmọ́lẹ̀ kún un, +1 (ìyẹn ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀) tàbí kó fẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òdìkejì ẹ̀ ni igbó nígbà òjò, ewé dúdú, èèpo igi tó tutù, oko kòkó tí òòrùn ò wọ̀, mítà á fẹ́ sọ ọ́ di eérú náà, fọ́tò á funfun ju bó ṣe rí lójú lọ, ibẹ̀ lo ti máa dín in kù. Ìwé ò ní dárúkọ kòkó fún ẹ, ìwọ lo máa bá a dárúkọ ẹ̀.

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)

Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ sọ nípa ọyẹ́ yẹn, ó ti ń ṣe mí ní kàyéfì tipẹ́ pé kí ló dé tí fọ́tò oṣù kìíní mi máa ń dúdú bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

Mo tún ní ìbéèrè. Mo bá ọkùnrin kan tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ sọ̀rọ̀, kò ní ti Peterson nílẹ̀ báyìí, ó ní òun lè bá mi wá a. Àwọn tó ní ni The Negative ti Ansel Adams àti The Photographer's Eye ti Michael Freeman. Orúkọ Ansel Adams ni mo ń gbọ́ níbi gbogbo, ó sì ń wù mí kí n rà á torí pé òun ni wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n mú un ni, àbí kí n dúró de ti Peterson?

Bọ̀dá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Dúró de ti Peterson. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, kó má dà bí ẹni pé mò ń fojú kéré bàbá yẹn, torí mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ansel Adams, ọdún 1902 ni wọ́n bí i, 1984 ló kú, àwọn òkè Yosemite ní California ló fi ayé ẹ̀ yà, dúdú àti funfun. Ìwé mẹ́ta ló wà papọ̀ níbẹ̀, The Camera tó jáde ní 1980, The Negative ní 1981, The Print ní 1983. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ, orí fíìmù ló dá lé, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nínú kẹ́míkà, iye ìṣẹ́jú, bí oògùn náà ṣe gbóná tó. O ò ní yàrá òkùnkùn, o ò ní fíìmù, ìdajì ìwé yẹn á dúró lórí tábìlì.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà nínú ẹ̀ tí ò lè gbó láéláé, òun náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ó pín ìmọ́lẹ̀ láti orí òkùnkùn biribiri dé funfun gbòò sí ìpele mọ́kànlá, òdo sí mẹ́wàá, ìpele karùn-ún ni àwọ̀ eérú tí Ìyá Ayọ̀ sọ yẹn. Kí bàbá yẹn tó tẹ bọ́tìnì, ó ti mọ̀ lọ́kàn ara ẹ̀ pé òkúta yìí màá fi í sí ìpele kẹta, ìkùukùu yẹn màá fi í sí ìkẹjọ. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Canon tìrẹ. Lọ síwájú Ọ̀pá Ọ̀ràńmíyàn nígbà tó o bá wá sí Ifẹ̀, òkúta yẹn ṣókùnkùn, sánmọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀, bi ara ẹ pé ibo ni mo fẹ́ kí òkúta yìí wà, ibo ni mo fẹ́ kí sánmọ̀ wà, kó o tó yà á. Yà á ní RAW, irú fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, kì í ṣe JPEG tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, kó lè ṣeé tún ṣe nílé. Tó bá di pé o ti mọ èyí dáadáa, tó o wá rí owó, wá padà wá ra Adams, wàá gbádùn ẹ̀ ju bó o ṣe lè gbádùn ẹ̀ nísinsìnyí lọ.

Ti Freeman ńkọ́? Ìwé gidi ni, 2007 ló jáde, bí èèyàn ṣe ń to nǹkan sínú fọ́tò ló dá lé, ibi tí ojú ti ń wọlé, ibi tó ń gbà lọ, ìlà tó dùbúlẹ̀, ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ka kámẹ́rà sí rárá, ìyẹn ni ò fi tíì gbó. Tí owó ẹ bá ká ìwé méjì, ti Freeman ni èkejì, ẹ̀dà tó bá wà lọ́wọ́ ẹni yẹn gbà á.

Kọ́lá Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà pé kó ra ìwé. Ọ̀rọ̀ òkúta àti ìpele yẹn wọ̀ mí lára, èmi náà á lọ dán an wò ní Ọ̀pá Ọ̀ràńmíyàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ńlá, ti omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́, nígbà tí ìwé bá sọ pé omi kó dà bí òwú, báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́sàn-án tí òòrùn mú?

Ìyá Ayọ̀ Tíṣà (Iléṣà)

Kọ́lá, ọ̀sán tí òòrùn mú kọ́ ni kó o lọ. Ìgbà tí ìkùukùu bá bo òòrùn, tàbí ní kùtùkùtù, nígbà yẹn ìmọ́lẹ̀ máa ń dọ́gba, omi funfun náà ò ní jó, ìyẹn ni pé kò ní funfun débi tí o ò ní rí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Gbé kámẹ́rà lé tripod, ISO 100, f/11, ṣọ́tà ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá títí dé ìṣẹ́jú àáyá kan, kó o wo èyí tó wù ẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì pọ̀ jù, fílítà ND, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ńsì, ló máa bá ẹ dín in kù. Fílítà polarizer náà wúlò, ewé tí omi ta sí lára ń dán bíi gíláàsì, tó o bá yí fílítà yẹn díẹ̀díẹ̀, dídán yẹn á lọ, àwọ̀ ewé gan-an á jáde, á sì tún mú ìmọ́lẹ̀ kéré sí i. Inú oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá lomi pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń dín kù. Nígbà tí omi bá pọ̀ ńkọ́, ìrì ẹ̀ á máa fọ́n sójú lẹ́ńsì, mú aṣọ rírọ̀ dání, àpáta ibẹ̀ sì ń yọ̀ gan-an, má tìtorí fọ́tò gun ibi tí wọ́n ní kéèyàn má gùn.

Sì jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tó béèrè ìbéèrè. Tí ìwé ẹ bá dé, má kà á bí ìwé ìtàn. Ka orí kan, jáde lọ ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀ lórí ibì kan ṣoṣo tó sún mọ́ ilé ẹ, ibi tó o lè máa padà sí láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò. Kọ ohun tó o rí sí etí ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ìwé tèmi ti dúdú pátápátá, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni, aago báyìí, oṣù báyìí, ìmọ́lẹ̀ wá láti apá báyìí, ìyẹn gan-an ló sọ ìwé òyìnbó di ìwé Iléṣà fún mi.

Ọmọ Òṣómàáló (Iléṣà)

Ẹ ṣé mà, mo ti pe ọkùnrin yẹn, mo ní kó bá mi wá ti Peterson, kó sì fi ti Freeman pamọ́ dè mí títí oṣù á fi parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun lè fi PDF ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́fẹ̀ẹ́, kí n má náwó. Kí lẹ rí sí i?

Bọ̀dá Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Má gbà á. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni owó yẹn, àwa tá a ń ya fọ́tò jẹun náà ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé iṣẹ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, fọ́tò inú ìwé yìí lẹ̀kọ́ gan-an, lójú fóònù kékeré o ò ní rí òjìji inú ẹ̀, o ò ní rí ibi tí òkúta iwájú ti hàn kedere, o ò sì ní lè kọ nǹkan sétí ẹ̀ bí Ìyá Ayọ̀ ṣe sọ. Tówó bá pẹ́ kó tó dé, tí ẹnikẹ́ni tó o mọ̀ bá wà ní OAU, ní kó bá ẹ wo Hezekiah Oluwasanmi Library, kó wo pẹpẹ tí wọ́n to ìwé fọ́tò sí, kó o wá lọ jókòó kà á níbẹ̀. Tí ìwé ẹ bá sì ti dé, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí a jọ gun òkè ẹ̀yìn OAU ní Sátidé, ìdájí ni a máa gbéra, gbé bàtà tí kì í yọ̀ dání.